Méjì-Méjì Ni Kó O Máa Kà Á

Òórùn búrẹ́dì ló máa ń jí wa nílé ìyá bàbá mi ní Agége, torí ilé búrẹ́dì ló wà lẹ́yìn ògiri wa. Lẹ́yìn tí mo ṣe àgùnbánirọ̀ tán, tí mi ò tíì ríṣẹ́, ọ̀dọ̀ wọn ni mo ń gbé. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí a ń pè ní Dádì Ọ̀rẹ́gùn, ló fi mí síbẹ̀. "Máa bá mi ṣọ́ Màmá," ni Dádì wí. "Tí iyè wọn bá ti ń rá, màá mú wọn wá sọ́dọ̀ mi, ká fi ilé yẹn háyà."

Mo mọ̀ pé Màmá ò fẹ́ kúrò nílé tí àwọn àti ọkọ wọn jọ kọ́. Síbẹ̀, mo ń ṣọ́ wọn bí ẹni ń ṣọ́ olè. Bí iyọ̀ bá pọ̀ lọ́bẹ̀, àyà mi á já. Bí wọ́n bá pe orúkọ bàbá mi kí wọ́n tó pe tèmi, màá ní ó ti dé. Ẹ̀rù ń bà mí pé mò ń rí ohun tí kò sí. Ó tún ń bà mí pé mo lè máà rí ohun tó wà.

Bí a bá ra iná, èmi ni mo máa ń ka nọ́ńbà rẹ̀ lórí fóònù, Màmá á máa tẹ̀ ẹ́ sínú mítà. Mẹ́rin-mẹ́rin ni mo máa ń kà á tẹ́lẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n gbọ́wọ́ sókè: "Rọra, ọkọ mi. Méjì-méjì ni kó o máa kà á."

Mo fura. Àbí ó ti pẹ́ tí iyè wọn ti ń rá, tí wọ́n ń fi í pa mọ́ fún mi ni?

Bí mo ṣe pe "eéje, ẹẹ́ta" báyìí, táyà ọkọ̀ tó kó ìyẹ̀fun wá sílé búrẹ́dì bẹ́ gbàù! Mo fò sókè, fóònù bọ́ lọ́wọ́ mi. Màmá ò mira. Ó ṣe díẹ̀ kí wọ́n tó rọra yíjú sí fèrèsé.

"Màmá, ṣé ẹ ò gbọ́ ni?"

"Mo gbọ́. Àyà mi ni kì í tètè já mọ́. Ibo la kà á dé?"

Mi ò mọ̀. Mo mú fóònù nílẹ̀, mo wo nọ́ńbà náà títí, gbogbo rẹ̀ dàrú mọ́ mi lójú.

"Eéje, ẹẹ́ta lo pè kẹ́yìn." Wọ́n tẹ ọ̀kan, wọ́n sinmi, wọ́n tẹ èkejì. Wọ́n wá rẹ́rìn-ín. "Ìwọ tí wọ́n ní kó o máa ṣọ́ mi, ta ló ń ṣọ́ ẹ?"

Ojú tì mí. Mi ò lè sọ pé Màmá ṣì rí bíi ti àtijọ́. Ọ̀rọ̀ máa ń pẹ́ kó tó wọlé sí wọn lọ́kàn. Ṣùgbọ́n èyí tó wọlé lọ́jọ́ yẹn, ó jókòó. Tèmi yára wọlé, ìbẹ̀rù sì lé e jáde.

Nírọ̀lẹ́, Dádì Ọ̀rẹ́gùn pè: "Ṣé iyè wọn ti ń rá?"

"Rárá, sà. Ó kàn ń falẹ̀ ni. Ẹ máa bá wọn sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀."

Màmá ṣì wà nílé wọn. Èmi náà, bí ìfura bá tún ti fẹ́ gbé mi lọ, mo máa ń dúró, mo máa ń bi ara mi pé: ibo la kà á dé?