Yìnyín Ló Mú Wọn Sọ Yorùbá

Mobọ́lá Ayọ̀ladé ti lo ọdún mélòó kan ní Dallas láìfojú kan yìnyín tó tó tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni. Iṣẹ́ yíya àwòrán egungun àwọn aláìsàn ló ń ṣe, òun nìkan ló sì ń dá gbé ní àdúgbò Vickery Meadow, nínú ọ̀kan lára àwọn ilé alájà méjì tí àwọn àjèjì kún fọ́fọ́. Ìyá rẹ̀ kì í yé bi í lórí fóònù pé, "Ṣé yìnyín ò tíì bọ́ níbẹ̀ yẹn ni?" Òun náà a dáhùn pé, "Màámi, oòrùn ibí yìí le ju ti Ìsẹ́yìn lọ."

Láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kejì, ó jí, ó rí i pé ìmọ́lẹ̀ inú yàrá yàtọ̀. Kò gbọ́ ariwo ọkọ̀ láti orí fíríwè. Ó fa kọ́tìnnì sẹ́yìn. Háà! Òrùlé ti funfun, igi ti funfun, àwọn ọkọ̀ tó wà nílẹ̀ dà bí òkìtì láfún tí ẹnikẹ́ni ò tíì bù. Ó ṣì ń bọ́, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí òwú tí afẹ́fẹ́ ń gbé kiri. Kó tó mú fóònù, ọ̀gá rẹ̀ ti fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́: ọ̀nà ń yọ̀, wọn ò ní ṣílẹ̀kùn ibi iṣẹ́ lónìí.

Mobọ́lá pariwo bí ọmọ iléèwé tó gba ọlidé. Ó wọ ṣòkòtò méjì léra, ó fi ọ̀rá wé ìbọ̀sẹ̀ kó tó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà, nítorí kò ní bàtà yìnyín, ó sì sáré sọ̀kalẹ̀.

Obìnrin tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí tirẹ̀ ti wà níta. Ó tó ẹni ọgọ́ta ọdún, ó sì máa ń fi ìbòrí gígùn bo orí títí dé èjìká. Láti ìgbà tí wọ́n ti jọ ń gbé, "Háì" ni wọ́n fi ń kí ara wọn, kálukú a sì wọlé. Mobọ́lá ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ará Sòmálíà ni. Obìnrin náà tẹ́ àtẹ́lẹwọ́, ó ń gba yìnyín sí i, ó ń dá rẹ́rìn-ín.

"Háì," ni Mobọ́lá wí.

"Háì," ni òun náà dáhùn. Bó ṣe ní kóun máa bọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó fìdí lélẹ̀ gbì!

"Yéè! Ìyá mi o! Ìdí mi o!"

Mobọ́lá lanu sílẹ̀. Kò mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ bọ́ lẹ́nu òun náà: "Háà! Ẹ pẹ̀lẹ́ o, mà! Ṣé ẹ ò fara pa?"

Obìnrin náà gbàgbé ìdí tó ń dùn ún. Ó tẹjú mọ́ ọn láti ilẹ̀ níbẹ̀. "Kí lo wí? Yorùbá ni ẹ́?"

"Yorùbá ni mí, mà! Ọmọ Ìsẹ́yìn!"

"Ìlọrin ni tèmi! Aishah lorúkọ mi. Ó lé lọ́dún kan tá a ti jọ ń gbé, 'Háì' lo sì ń kí mi!"

"Ẹ má bínú, mà. Mo rò pé ará Sòmálíà ni yín ni."

"Èmi náà rò pé ará Haiti ni ẹ́, pẹ̀lú irun pupa tó o dì yẹn!"

Mobọ́lá wá rántí pé òun ò tíì kí àgbà. Ó kúnlẹ̀ sínú yìnyín. "Ẹ káàárọ̀, mà." Omi tútù wọ ṣòkòtò méjèèjì, ó ta gìrì dìde. Aishah rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Mo ti gbà á, ọmọ mi. Fà mí dìde kí òtútù tó pa ìdí mi."

Mobọ́lá fà á. Òun náà yọ̀, làwọn méjèèjì bá ṣubú léra wọn.

Aishah bu yìnyín, ó sọ ọ́ lu Mobọ́lá láyà. Mobọ́lá dá a padà, ṣùgbọ́n ó rọra jù ú. "Jù ú dáadáa jàre!" ni Aishah wí. Àwọn ọmọdé ti jáde, ọmọ Kóńgò, ọmọ Bọ́mà, wọ́n jókòó sórí ìdérí ike ńlá, wọ́n ń yọ̀ sọ̀kalẹ̀ níbi tó dà gẹ̀rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìgbọ́kọ̀sí. Aishah wò wọ́n títí.

"Èmi náà fẹ́ gun nǹkan yẹn."

"Mà? Ìdí tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi lélẹ̀ ńkọ́?"

"Ó ti mọ̀nà."

Ó jókòó, ó ká aṣọ mọ́ra, Mobọ́lá tì í. Ó lọ fìrì! Ìbòrí rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́, ó ń ké "Yéèpà!" títí dé ìsàlẹ̀, àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́ fún un. Ó tún gòkè padà, ó sì tò sẹ́yìn wọn.

Nígbà tí ìka wọn kú tán, wọ́n wọ ilé Aishah. Ó gbé ògì gbígbóná síwájú Mobọ́lá, ó fi wàrà tó fúnra rẹ̀ dín tì í. Mobọ́lá pe ìyá rẹ̀, ó na fóònù sí ojú fèrèsé kó lè rí ìta. Ìyá náà ń ṣe háà, háà, títí ó fi rí ojú Aishah.

"Ta nìyẹn?"

"Ará Ìlọrin ni wọ́n, Màámi. Ilẹ̀kùn wọn ló kọjú sí tèmi."

"Ará Ìlọrin! Gbé fóònù fún wọn kíá!"

Àwọn ìyá méjèèjì wọnú ọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó dárúkọ yìnyín mọ́. Ògì Mobọ́lá tán, wọn ò tíì dákẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, oòrùn yọ, òrùlé ń ro tótó, Mobọ́lá sì padà síbi iṣẹ́. Nírọ̀lẹ́, bó ṣe ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú báàgì, ilẹ̀kùn kejì ṣí lẹ́yìn rẹ̀.

"Káàbọ̀," ni Aishah wí. "Má wulẹ̀ dáná."