Fóònù Méjì Inú Àgbá Maka

Kò sí obìnrin tó mọ ẹní hun bíi Kalolaine ní gbogbo apá ìsàlẹ̀ erékùṣù Lifuka. Opó ni. Feleti ọkọ rẹ̀ ti lọ, Maka, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, sì wà ní Auckland lókè òkun, níbi tó ti ń ru ẹrù nínú ilé ìkẹ́rùsí. Ẹni tó ṣẹ́kù tí Kalolaine lè pè ní ẹbí nítòsí ni Lavinia, ẹ̀gbọ́n Feleti, tí ilé rẹ̀ kò ju ìsọ̀kò òkúta kan lọ sí tirẹ̀.

Ní ilẹ̀ Tonga, ẹni ńlá ni arábìnrin bàbá ẹni. Òun ni wọ́n ń kọ́kọ́ bu oúnjẹ fún, òun ló ni ẹní tó dára jù lọ níbi òkú àti níbi ìgbéyàwó, ẹnu rẹ̀ sì lágbára lórí àwọn ọmọ arákùnrin rẹ̀. "Ọkọ mi" ni Kalolaine ń pè é, kì í sì í bá a sọ̀rọ̀ lórí ìdúró. Lavinia kì í ṣe ènìyàn burúkú, àmọ́ ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ tuntun. Láti bí ọdún mélòó kan ni awọ funfun kan ti ń yọ́ bo ẹyin ojú rẹ̀. Ó ń rí ènìyàn, ó ń rí ọ̀nà, ṣùgbọ́n ohun tó bá kéré ti di èéfín lójú rẹ̀.

Ní nǹkan bí ọdún 2017, Maka fi àgbá ńlá kan ránṣẹ́ sílé, irú èyí tí àwọn ọmọ òkè òkun máa ń di ẹrù sí tí wọ́n á gbé sínú ọkọ̀ ojú omi. Kí àgbá náà tó gúnlẹ̀, ó pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù kékeré alábọ̀tìnnì tó ń lò.

"Màmá, fóònù méjì wà láàárín àwọn bùláńkẹ́ẹ̀tì. Àlòkù ni, ṣùgbọ́n mo yẹ̀ wọ́n wò dáadáa. Dúdú ni tiyín. Yẹ́lò ni ti Àǹtí Lavinia, torí pé..."

"Mo ti gbọ́. Má jẹ owó rẹ tán, ọmọ mi. Ṣé o ti jẹun?"

Bí kò ṣe jẹ́ kí ó parí ọ̀rọ̀ náà nìyẹn.

Nígbà tí àgbá dé, ó kó ẹran inú agolo sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó kó bùláńkẹ́ẹ̀tì sí òmíràn, ó wá tẹ́ fóònù méjèèjì sórí ẹní tó ń hun lọ́wọ́. Lesieli, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń hun ẹní, wà níbẹ̀. Àwọn obìnrin méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í wò wọ́n bí ẹni ń yan ẹlẹ́dẹ̀ lọ́jà.

Dúdú ni èyí tó ń lo Android. Ojú rẹ̀ gbòòrò, ó ní kámẹ́rà lẹ́yìn, ó tún ní òmíràn níwájú tó ń wo ẹni tó bá dì í mú. Gbogbo nǹkan tí àwọn ọmọdé òde òní ń lò ló máa ń gbà sórí. Ṣùgbọ́n àwòrán inú rẹ̀ kéré, wọ́n sì há mọ́ra bí èrò inú ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Kérésìmesì. Kò sì pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná.

"Ẹ gbà mí o! Èyí le ju òkúta inú ààrò lọ," ni Lesieli wí. "Gbé iṣu sí i lẹ́yìn, yóò jinná."

Yẹ́lò ni èyí tó ń lo Windows. Wọn kò ṣe irú rẹ̀ mọ́, ọ̀pọ̀ ohun tí àwọn èèyàn ń wá kiri kò sì ní bá a ṣe. Kò ní kámẹ́rà níwájú rárá. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tàn án, àwọn àpótí ńlá ńlá aláwọ̀ búlúù tò lé ara wọn lójú rẹ̀, lẹ́tà orí wọn tóbi gbàǹgbà. Lesieli fi ya Kalolaine níbi tó jókòó sí. Àwòrán náà mọ́ rokoṣo débi pé wọ́n lè ka okùn ẹní lọ́kọ̀ọ̀kan. Bátìrì rẹ̀ kò sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ bíi ti ìkejì.

"Èwo ni tìẹ nínú wọn?" ni Lesieli bi í.

Kalolaine gbé yẹ́lò. Ó tutù lọ́wọ́, ó ń dán bí èso tó pọ́n. Ó ronú pé gbogbo ohun tó dára ní ayé òun, Lavinia náà ló ń kọ́kọ́ gbà á. Ẹní tó dára jù, Lavinia. Ẹ̀yìn ẹja, Lavinia. Kódà lọ́jọ́ tí wọ́n sin Feleti, Lavinia ló jókòó síbi orí òkú, òun ìyàwó sì wà lápá ẹsẹ̀.

"Yẹ́lò ni tèmi," ló dáhùn.

Ó gbé dúdú lọ fún Lavinia ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ìyá náà fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún, ó sún un mọ́ ojú, ó tún gbé e jìnnà.

"Dúdú ni," ló wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọkọ mi. Maka ní kí n kí yín."

"O ṣé, ìyàwó. Ọlọ́run á jẹ́ kí o jèrè ọmọ rẹ."

Àdúrà náà wọ Kalolaine lára bí ẹ̀gún. Ó sáré padà sílé. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì, nígbà tó mú yẹ́lò dé ilé ìhunní, níbi tí wọ́n ti jọ ń hun ẹní, tí àwọn obìnrin ń du ún wò, tí kálukú ń ní kó ya òun, ẹ̀gún náà yọ fúnra rẹ̀.

Bí oṣù ṣe ń gorí oṣù nìyẹn. Maka ń pè é bó ṣe máa ń pè é tẹ́lẹ̀, ohùn nìkan. Bó bá ní kí àwọn jọ rí ojú ara wọn, Kalolaine á ní dátà wọ́n, kó ṣe sùúrù. Lavinia ń fi dúdú gba ìpè, kò fi ṣe nǹkan mìíràn. Nígbà tí fóònù náà bẹ̀rẹ̀ sí í dún pìn-pìn pẹ̀lú ìpolówó, ó kọ́kọ́ ń bẹ àwọn ará àdúgbò kí wọ́n bá òun kà á. Nígbà tó di pé ìpolówó ni lójoojúmọ́, ó sú u. Lavinia kì í ṣe ẹni tó ń fẹ́ bẹ ènìyàn lẹ́ẹ̀mejì.

Ní ọjọ́ Sunday kan, lẹ́yìn ìsìn, wọ́n jọ jẹun nílé Lavinia: Kalolaine, Lesieli, àti Pisila, nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú àwọn àgbà. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ hú lū, ẹran tí wọ́n fi ewé kókò dì, jáde nínú ààrò ni, ewé náà ṣì ń rú èéfín, òróró ẹran inú agolo àti wàrà àgbọn ń ṣàn síbi ìka wọn. Pisila nu ọwọ́, ó kọjú sí Lavinia.

"Màmá, kí ló dé tí ẹ kò wá? Mo fi orúkọ yín síwájú pátápátá."

"Wá síbo?"

"Sọ́dọ̀ àwọn dókítà ojú. Wọ́n wá, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, wọ́n ti padà. Mo tẹ ọjọ́ náà ránṣẹ́ sórí fóònù yín."

Lavinia gbé abọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Fóònù tí lẹ́tà rẹ̀ dà bí ẹsẹ̀ eèrà yẹn? Pisila, èmi kò rí nǹkan kan kà níbẹ̀ láti ọjọ́ tó ti dé."

"Yéè! Ó di ọdún tó ń bọ̀ kí wọ́n tó padà wá, Màmá."

Gbogbo wọn kẹ́dùn. Kalolaine náà kẹ́dùn, ó mi orí, ó ní àdánù ńlá ni. Kò tíì yé e.

Ọmọ Lavinia tó wà ní Nuku'alofa, olú ìlú Tonga, ti ra dátà sórí fóònù ìyá rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Wọn kò tíì kó abọ́ nílẹ̀ tí dúdú fi bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Lesieli tẹ̀ ẹ́, ojú Maka sì yọ gbàù, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Màmá! Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé ẹ wà lórí... Àǹtí? Àǹtí Lavinia, ẹ̀yin nìyẹn? Fóònù Màmá ni mo pè o. Èmi ni mo fi orúkọ wọn sórí rẹ̀ kí n tó dì í, torí kámẹ́rà iwájú, kí n lè máa rí ojú wọn. Yẹ́lò yín ńkọ́? Ṣé ẹ ń rí lẹ́tà rẹ̀ dáadáa? Mo gbé àwọn méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn ní ṣọ́ọ̀bù, mo fẹ lẹ́tà ti dúdú títí, kò tóbi tó. Mo ní yẹ́lò yìí ni ojú Àǹtí mi lè bá ṣeré."

Lesieli wo Kalolaine. Pisila wo ilẹ̀. Kalolaine fẹ́ kí ẹní tó jókòó lé lórí ká òun mọ́nú. Yẹ́lò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún rẹ̀, ó ń dán. Ó fa etí aṣọ rẹ̀ bò ó, àfi bíi pé ìhòòhò ara rẹ̀ ló ń bò.

Lavinia ló fọhùn. "Èmi ni mo ní kí ìyá rẹ fún mi ní dúdú, Maka. Àwọ̀ rẹ̀ ló wù mí. Ṣé kí arúgbó máa gbé yẹ́lò kiri bí ọmọge ni?"

Maka rẹ́rìn-ín, Lesieli náà gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n na fóònù sí Kalolaine pé kó kí ọmọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ kò jáde lẹ́nu rẹ̀ ju "Ṣé o ti jẹun?" lọ.

Ní ọjọ́ kejì, nígbà tí oòrùn ti yọ dáadáa, ó mú yẹ́lò, ó lọ sílé Lavinia. Kò wọlé. Ó jókòó sórí sìmẹ́ńtì lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé fóònù náà ka iwájú.

"Ọkọ mi, mo purọ́. Tiyín ni. Maka sọ fún mi."

"Mo mọ̀."

Kalolaine gbé orí sókè.

"Ọmọ náà ti sọ fún èmi náà kí àgbá tó dé. Ó ní yẹ́lò ń bọ̀ fún ojú mi. Nígbà tí o gbé dúdú wá, mo ní kò burú, á fi yẹ́lò ṣeré fún ọ̀sẹ̀ kan, á sì gbé e wá. Mo ń dúró dè ọ́."

"Ẹ kúkú mọ̀, ẹ ò wá bi mí!"

"Kí n wá bi ọ́? Kí n wá dúró lójúde ìyàwó àbúrò mi, kí n máa ja ìjà fóònù, kí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wá máa là wá? Ìwọ ló yẹ kí ojú tì, kì í ṣe èmi." Ìbínú hàn nínú ohùn rẹ̀ kedere. "Ìgbéraga tèmi náà wà níbẹ̀, mi ò ní parọ́. Òun ló jẹ́ kí n pàdánù dókítà. Ṣùgbọ́n ìwọ lo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀."

Kalolaine bú sẹ́kún.

"Má da omi ojú sẹ́nu ọ̀nà mi, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá a ni. Gbé ara rẹ wọlé. Mo purọ́ lánàá nítorí rẹ níwájú oúnjẹ Sunday, mi ò sì ní ṣe é mọ́. Pe ọmọ rẹ."

Ibẹ̀ náà ló ti pè é, Lavinia ń gbọ́. Ó sọ gbogbo rẹ̀, títí dórí ọ̀rọ̀ àwọn dókítà. Maka kò bínú, kò pariwo. Ó kàn ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí n pè yín padà." Ọ̀sẹ̀ náà parí kó tó pè. Nígbà tó pè, ojú ọjọ́ ni wọ́n sọ, àti iye owó ẹja.

Wọ́n pààrọ̀ fóònù náà. Ọ̀rọ̀ yìí dé ilé ìhunní kó tó dọjọ́ kẹta, torí Lesieli kì í mọ bí a ti ń gbé ọ̀rọ̀ mì. Ẹnikẹ́ni kò bú Kalolaine. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá gbé nǹkan tuntun wá, òmíràn á ní, "Ti ta ni, ṣé tìẹ ni?" wọ́n á rẹ́rìn-ín, òun á sì tẹ orí ba sórí ẹní.

Ní gbogbo ọdún náà, Kalolaine ló ń di ọwọ́ Lavinia mú lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí àwọn dókítà padà dé, òun ló mú un lọ, òun ló jókòó síta lórí bẹ́ńṣì. Wọ́n ní ojú òsì ti pẹ́ jù, wọn kò fi bẹ́ẹ̀ rí nǹkan ṣe sí i. Wọ́n ṣe ti ọ̀tún.

Lọ́jọ́ tí wọ́n tú báńdéèjì rẹ̀, Pisila ní kí Kalolaine wọlé. Lavinia jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń wo ògiri, ó ń wo ìka ara rẹ̀. Ó wá yíjú, ó wo ìyàwó àbúrò rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀, ó wò ó pẹ́.

"Kalolaine," ló wí jẹ́ẹ́, "ìwọ náà ti darúgbó tó báyìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọkọ mi."

Lavinia ń rí òun kedere. Ojú kan ṣoṣo náà kò kúrò lára Kalolaine, òun náà kò sì ní ibi tó lè sá sí. Ó wolẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá bàtà ìyá náà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.