Ìlà Tí A Nù Kúrò Lára Ògiri

Ìyálé ìyá mi, tí gbogbo agbo ilé wa ń pè ní Ìyá Ọlọ́nà, ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó ṣẹ̀ mí ní ayé yìí. Ọ̀pọ̀ ló ti tẹ̀ lé e. Ọkọ wà nínú wọn, àlùfáà pàápàá wà nínú wọn, ṣùgbọ́n ebè àkọ́kọ́ ni a fi ń bẹ̀rẹ̀ oko. Kí ẹni tí ń ka ìwé yìí má bínú bí n kò bá lo “wọ́n” fún un. Ọ̀wọ̀ tí mo bù fún un nígbà ayé rẹ̀ ti tó o lò dé ọ̀run.

Mo rántí òórùn amọ̀ tútù àti ti osùn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀, ní ìgbà tí àwọn ọkùnrin ilé wa wà ní ogun Ìjàyè. Abúlé wa kò jìnnà sí Erúnmu, ilé Òrìṣà Oko sì wà ní àárín rẹ̀. Lọ́dọọdún, kí ẹnikẹ́ni tó fi iṣu tuntun kan ẹnu, àwọn obìnrin ilé ní láti rẹ́ ògiri ilé náà, kí wọ́n sì fi ẹfun àti osùn ya ọnà sí i. Ìyá Ọlọ́nà ni olórí iṣẹ́ yìí. Ní ọdún tí mò ń wí, ọwọ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n. Ó ní òun yóò mú ọmọ kan tí yóò máa ya ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, níbi tí gbogbo ojú ń wò. Àwa méjì ni ó pè: ọmọ tirẹ̀, tí í ṣe ẹ̀gbọ́n mi, àti èmi. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá gbà á, ẹkù ni yóò lọ, kí ó lọ máa fi ẹsẹ̀ tẹ epo lẹ́bàá odò títí ọkọ yóò fi dé.

Háà, inú mi dùn! N kò lè jẹun. Mo ń fi ìka ya ìlà sórí eérú, sórí iyẹ̀fun èlùbọ́, sẹ́yìn àbúrò mi tí ó ń sùn. Ìyá mi, tí wọ́n jẹ́ ìyàwó kékeré, mọ ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà ju èmi lọ. Wọ́n fà mí létí, wọ́n ní, “Ọwọ́ ni kí o fi máa sọ̀rọ̀ níbẹ̀ o. Má bi ìyálé mi ní ìbéèrè. Ohun tí àgbà rí ní ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i.” Èmi náà gbà. Kò sí ọmọ tó gbọ́ràn tó mi ní gbogbo ilẹ̀ Erúnmu. Ìgbọràn yẹn ló sì bà mí jẹ́.

Ògiri ẹ̀yìn ilé ìdáná ni ó fún wa láti fi kọ́ ọwọ́, apá kan fún ẹ̀gbọ́n mi, apá kan fún èmi. Ó fún mi ní ìyẹ́ adìyẹ kan àti ẹfun nínú àkúfọ́ igbá.

“Fa ìlà.”

“Irú ìlà wo ni, Ìyá?”

“Èyí tí kò mutí.”

Nígbà tó yá, a dé orí òbírí. Ó ní kí n yí i bí ẹnu ìkòkò, kí ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ má ṣe mọ̀ yàtọ̀ sí ibi tí mo parí sí. Ẹ̀kọ́ tí ó fi ẹnu kọ́ mi kò ju ìyẹn lọ. Ní ìrọ̀lẹ́, bí ó bá ti oko dé, kò ní tíì sọ agbọ̀n ilá rẹ̀ kalẹ̀ tí yóò fi yà sẹ́yìn ilé ìdáná pẹ̀lú àkísà tútù lọ́wọ́. Yóò dorí kọ ẹ̀gbẹ́ kan bí adìyẹ tó rí kòkòrò. Yóò ní, “Hùn-ùn.” Yóò nu àwọn kan kúrò, yóò fi àwọn kan sílẹ̀, yóò sì wọlé lọ.

Ẹ bá mi dá a. Bí a bá ń ṣa ẹ̀wà, èyí tí kò dára ni a ń dà nù. Bí a bá ń ro oko, koríko ni a ń mú kúrò. Ta ni yóò rò ó pé ti ògiri yàtọ̀? Mo gbà pé èyí tó ṣẹ́ kù ni ó dára. Mo wá jókòó ti àwọn tó ṣẹ́ kù bí ọmọ kéú ti wàláà. Ìlà kan wà níbẹ̀ tó yọ ikùn láàárín bí aláǹgbá tó gbé ọ̀bọ̀nbọ̀n mì. Òbírí kan wà tí ìbàdí rẹ̀ fún bí èèpo ẹ̀pà. Mo ní, àṣé bí ọnà gidi ti ń rí nìyí! Mo fi ìlà oníkùn ṣe iṣẹ́ títí mo fi lè fà á ní ìdijú. Ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan, èyí tí Ìyá Ọlọ́nà ń nù ń dín, èyí tó ń kù ń pọ̀, èmi sì ń fò sókè.

Ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló ń ba ayọ̀ mi jẹ́, nítorí Ìyá Ọlọ́nà kì í sábà nu tirẹ̀ rárá. Apá tirẹ̀ kún dẹ́múdẹ́mú.

“Ìwọ alákísà,” ni yóò wí, “wọ́n tún ti nù ọ́ lónìí bí ikun imú!”

“Ẹ jẹ́ n sinmi o. Tèmi náà ti ń pọ̀ lára ògiri.”

Mo tilẹ̀ ń wo tirẹ̀ kọ.

Ọjọ́ náà dé. Ògiri Òrìṣà Oko ti gbẹ, ó ń dán. Ìyálórìṣà jókòó sórí ẹní, àmì funfun àti pupa wà níwájú orí wọn, gbogbo obìnrin abúlé sì dúró yí wọn ká. Wọ́n ní kí ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ yà. Ó yà, àwọn obìnrin sì ń wo ojú ìyá rẹ̀. Wọ́n pè mí. Mo fa ìlà oníkùn mi bí ẹni tí ń jó, mo sì gbé òbírí ẹlẹ́pà lé e lórí.

Obìnrin kan pariwo lẹ́yìn: “Ẹ gbà mí! Ṣé ìlà nìyí, àbí ejò tó gbé ẹyin mì?”

Ẹ̀rín bú. Ìyálórìṣà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n béèrè ẹni tó kọ́ mi.

“Èmi ni,” ni Ìyá Ọlọ́nà dáhùn. “Èyí tó burú ni mò ń fi sílẹ̀ kí ó máa wò ó, kí ojú lè tì í. Èyí tó dára, ọwọ́ rẹ̀ ti gbà á. Kí ni ògiri tún fẹ́ fi ṣe? Bí ìyá ọkọ mi ti kọ́ mi nìyẹn.”

Ìyá mi kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn wọn kò kúnlẹ̀. “Ìyálé mi, ẹnu kò sí ni? Bí a bá dákẹ́, tara ẹni a máa bá ni dákẹ́. Ọ̀rọ̀ kan péré ni ẹ kò lè fún ọmọ mi!”

“Wọn kò fún èmi náà ní ọ̀rọ̀ kan.”

N kò sunkún. Ara mi gbóná láti orí dé ẹsẹ̀. Mo já àkísà gbà lọ́wọ́ rẹ̀, èmi ọmọdé! Mo nu ohun tí mo yà kúrò, mo sì ti ìyẹ́ bọ ẹfun. Gbogbo ìlà tí ó ti nù láti ìbẹ̀rẹ̀ padà wá bá mi, bí ewúrẹ́ ti í wálé nírọ̀lẹ́. Mo fa ọ̀kan láti ilẹ̀ dé orí ilẹ̀kùn, kò mutí. Mo yí òbírí, mo yí òmíràn sínú rẹ̀, mo kán osùn tó-tó-tó yí wọn ká. Ọwọ́ mi ń sáré, ọkàn mi ń sáré níwájú rẹ̀. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, ẹni tó ń rẹ́rìn-ín ti la ẹnu sílẹ̀.

“Òrìṣà Oko á gba èyí,” ni Ìyálórìṣà wí.

Ìyá Ọlọ́nà rọra bọ́ síwájú. Ó dorí kọ ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní, “Hùn-ùn.” Ó gba àkísà rẹ̀ padà, ó sì nù ún láti òkè délẹ̀, lójú gbogbo ayé. Ìlà ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló kù. Ìyá Ọlọ́nà ló ni ọ̀rọ̀ lórí ògiri, nítorí náà Ìyálórìṣà pàápàá kò lè dá a lẹ́kun. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó rán mi lọ sí ẹkù.

Ẹkù náà ni ìyàwó olùkọ́ ìjọ kan, tí ń ti Ìbàdàn bọ̀, ti rí mi tí mò ń fi ìka yí òbírí sínú ẹrẹ̀ elépo. Ó bẹ ìyá mi, ó mú mi lọ sí ilé míṣọ́nù. Nígbà tí wọ́n gbé síléètì fún mi, ẹ̀rín pa mí: kí ni lẹ́tà bí kò ṣe ìlà àti òbírí? Mo di olùkọ́. Síléètì ọmọdé tó ti ọwọ́ mi kọjá kò níye, kò sì sí ọmọ kan tó ní láti méfò. Mo ń fi ẹnu sọ ọ́: èyí dára, èyí kò dára, ìdí rẹ̀ nìyí.

Mo padà sílé nígbà tí Ìyá Ọlọ́nà ti fọ́jú. Mo wọ bàtà lọ, kí ó lè gbọ́ ìró rẹ̀. Bí mo ti ń kọjá níwájú ilé Òrìṣà Oko, mo rí ìlà tí ẹ̀gbọ́n mi yà ní ọdún náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, oníkùn ni síbẹ̀. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ Ìyá Ọlọ́nà, mo bi í ní ìbéèrè tí ìyá mi ní kí n má bi í: kí ló dé tí ẹ fi nu tèmi kúrò? Ó na ọwọ́, ó fọwọ́ pa àtàǹpàkò mi àti ìka kejì, níbi tí ẹfun síléètì ti mú un le. Títí di òní, n kò mọ̀ bóyá ẹ̀bẹ̀ ni ó fi bẹ̀ mí tàbí ìwọ̀sí ni ó fi kún ìwọ̀sí. Mo ti yí ọ̀rọ̀ náà síwá sẹ́yìn ní ọjọ́ ogbó mi, inú mi kò sì tíì yọ́ sí i. Ó ní:

“Ọmọ mi ni mo fi sílẹ̀ lára ògiri kí n máa wò ó. Ìwọ ni mo nù kúrò.”