Ìgò Tuntun àti Adìyẹ Bàbá Ìdòwú

Títí n ó fi kú, n kò ní gbàgbé òwúrọ̀ tí Bàbá Ìdòwú ará Towé yọ ọ̀bẹ sí adìyẹ rẹ̀ nítorí mi. Ilé àyẹ̀wò àìsàn ẹran ọ̀sìn ní Sakété ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo wọn ìyẹ̀fun oògùn, mo pò ó mọ́ omi, a sì dà á lé kòkòrò àìsàn tí a gbà lára adìyẹ rẹ̀ tó ń ṣàìsàn ká wò ó bóyá yóò kú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kòkòrò ò kú. Madamu ọ̀gá mi pe Bàbá Ìdòwú lórí fóònù: “Bàbá, oògùn yìí ò ràn án o.”

“Ó tán nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n pa wọ́n kó tó ran ti aládùúgbò.”

Mo ń palẹ̀ mọ́ ni mo ka àkọlé ara ìgò tuntun tí mo ti bu ìyẹ̀fun náà: ìdajì ìyẹ̀fun rẹ̀ péré ni oògùn. Ti ìgò àtijọ́, tí mo mọ̀ sórí, oògùn pọ́ńbélé ni. Ìlọ́po méjì ló yẹ kí n wọ̀n! Mo sáré tọ ọ̀gá mi lọ.

“Madamu, èmi ni mo ṣì í wọ̀n.”

“O wá ń wò mí? Pè é!”

Fóònù pọ́tábù rẹ̀ dún títí, kò gbé e. Mo tún pè.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa wọ́n!”

“Ọmọ yìí, mo ti pa mẹ́rin. Àwọn tó sanra ni mo fi bẹ̀rẹ̀.”

A tún un wọ̀n, oògùn ṣiṣẹ́, adìyẹ tó kù sì yè. Nígbà tí Bàbá wá gba oògùn, mo ṣàlàyé fún un pé n kò ka ara ìgò, ṣùgbọ́n kò bú mi. Ó kàn bi mí pé, “Ṣé o kà á lọ́tẹ̀ yìí?” Mo ní, “Mo kà á, Bàbá.” Ilẹ̀ ni mo ń wò.