Ìyá Kọ́kọ́rọ́ àti Ihò Mọ́kàndínlógún

Kọ́kọ́rọ́ mọ́kànlélógójì ló wà ní ìbàdí rẹ̀, ó sì mọ gbogbo wọn bí abiyamọ ṣe ń mọ igbe ọmọ. Bó bá ti ń bọ̀ láti àjà kẹta, àwọn akọ̀wé tó wà nísàlẹ̀ á ti jí lójú oorun, wọ́n á ti gbé bírò, wọ́n á sì tẹjú mọ́ ìwé bí ẹni tó ń wá orúkọ ara rẹ̀ nínú ogún. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Ìyá Kọ́kọ́rọ́. Ọdún kẹrìndínlọ́gbọ̀n rèé tó ti ń tọ́jú ilé iṣẹ́ ìforúkọsílẹ̀ náà, níbi tí ìjọba ti ń kọ ẹni tí wọ́n bí, ẹni tó gbéyàwó àti ẹni tó kú sínú ìwé. Òun ló ń ṣí i láàárọ̀, òun ló ń gbá a, òun ló ń tì í nírọ̀lẹ́.

Kí wọ́n tó tún ilé náà ṣe, ajere ni. Afẹ́fẹ́ á gba iwájú wọlé, á gba ẹ̀yìn jáde, á sì kó ìwé dání bó bá ń lọ. Wọ́n ní ìwé ìbí ọkùnrin kan gba fèrèsé fò lọ lọ́dún kan, odindi oṣù mẹ́fà ni ọkùnrin náà fi ń rìn kiri ìgboro láì tíì di ẹni tí a bí. Ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́ bí ẹrú, òpópónà ló sì ń mú tutù. Mítà iná ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé.

Ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ náà, tí gbogbo wọn ń pè ní Ọ̀gá Mítà lẹ́yìn rẹ̀, ló bẹ ìjọba títí tí wọ́n fi gbà láti tún un ṣe. Àwọn òṣìṣẹ́ dé. Wọ́n fi fóòmù tó nípọn bí bẹ́ẹ̀dì ọba bo ara ògiri, wọ́n yọ àwọn fèrèsé onígi, wọ́n fi onígíláàsì méjì-méjì tí kì í ṣí rọ́pò wọn, wọ́n fi rọ́bà dí etí gbogbo ilẹ̀kùn. Nígbà tí wọ́n parí, ilé náà dì débi pé bí ẹnì kan bá só ní àjà kejì láàárọ̀, òun àti ohun tó só ni wọ́n á jọ ṣíwọ́ nírọ̀lẹ́. Òórùn ọsàn tí wọ́n bó lọ́jọ́ Ajé, di ọjọ́ Ẹtì ló ń bá wọn kí àlejò.

Ọ̀nà kan ṣoṣo tí afẹ́fẹ́ tún lè gbà ni ihò mọ́kàndínlógún tí wọ́n dìídì lu sára ògiri, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní yàrá kọ̀ọ̀kan, lókè nítòsí àjà, tí wọn ò fẹ̀ ju ìwé ọmọléèwé lọ. Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ parí, ẹnjiníà obìnrin kan wá dán ilé náà wò. Ó ta tapólì pupa bo ẹnu ọ̀nà iwájú, ó gbé fáànù ńlá kan sí àárín rẹ̀, fáànù náà sì ń fa afẹ́fẹ́ inú ilé jáde kí ó lè mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ìta ń yọ́ wọlé. Kó tó tan án, ó fi téèpù fàdákà tó fẹ̀ dí ihò mọ́kàndínlógún náà, nítorí ihò tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ lù kò sí lára ohun tó fẹ́ kà. Ó sọ fún olórí àwọn òṣìṣẹ́ pé, “Bí mo bá ti lọ, ẹ ya gbogbo rẹ̀ kúrò.” Olórí òṣìṣẹ́ ní òun ti gbọ́. Ó gbọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ti wà níbi iṣẹ́ mìíràn. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ó ti di ẹrù rẹ̀, ó ti gbé àkàbà, ó sì gbé ọ̀rọ̀ náà lọ pẹ̀lú àkàbà.

Ìyá Kọ́kọ́rọ́ kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n sọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ Ọ̀gá Mítà nìkan ni òun gbọ́. Èsì ìdánwò náà dára tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀gá fi rìn yípo ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, tó ń na ọwọ́ sí ògiri bí ẹni tó ń kí àna.

“Mama,” ó wí, “ohun yòówù tí ẹ bá rí lára ògiri yìí, kò gbọdọ̀ jábọ́. Bó bá ń ṣí, ẹ lẹ̀ ẹ́ padà.”

“Mo ti gbọ́, sà.”

Bí Ìyá Kọ́kọ́rọ́ bá ní òun ti gbọ́, ó ti parí. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì, bí aago méjì ọ̀sán bá ti lù, á gbé àkàbà, á lọ láti yàrá dé yàrá. Á fi aṣọ nu téèpù náà títí á fi máa dán. Èyí tí etí rẹ̀ bá ń ká sókè, á fi àtàńpàkò tẹ̀ ẹ́. Èyí tó bá ti gbó, á lẹ òmíràn lé e lórí. Oṣù mẹ́rin ló fi ṣe é, kò jẹ́ kí ihò kan ṣoṣo ṣí.

Yàrá fáìlì ló sábà máa ń ṣe gbẹ̀yìn. Ibẹ̀ ni àbúrò rẹ̀ ọmọ ìyá kan náà ń ṣiṣẹ́, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Àǹtí Fáìlì. Ikọ́ fée ti ń bá a fínra láti kékeré, ṣùgbọ́n ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí àìsàn náà ti gbàgbé rẹ̀. Láàárín oṣù mẹ́rin yìí, ó tún rántí rẹ̀. Ó kọ́kọ́ jẹ́ ikọ́ díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn náà ó di pé bó bá ń mí, ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà á máa wá fèrè tó ń dún. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti gbé e lọ sílé ìwòsàn.

“Tí mo bá wà nílé, mo ń sùn bí òkúta,” ó sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. “Kí n tó jókòó síbí kí n tó tú fáìlì mẹ́ta, àyà mi á ti há. Àǹtí mi, ilé yìí ló ń ṣe mí.”

“Ilé tuntun? Eruku fáìlì ni. Mo sọ fún ẹ pé kó o máa fi nǹkan bo imú.”

“Eruku yẹn ti wà níbẹ̀ kí n tó dé. A ti mọ ara wa.”

Kì í ṣe òun nìkan. Àwọn akọ̀wé ń sùn lé tábìlì láago mẹ́wàá òwúrọ̀, tí orí ń fọ́ wọn bí orí alágbẹ̀dẹ. Igun ògiri lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù fáìlì ti ń bu, ó ń yọ irun funfun bí àgbàlagbà. Baba Géètì, tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ní ẹnikẹ́ni tó bá ti ibẹ̀ jáde máa ń dúró lórí àtẹ̀gùn bí ẹja tí wọ́n dá padà sódò. Ṣùgbọ́n mítà ń rìn jẹ́jẹ́, ọ̀gá sì ń rẹ́rìn-ín sí i. Ó ní ọ̀lẹ ló ń pa àwọn èèyàn òun. Ó kọ lẹ́tà sí Àǹtí Fáìlì pé bó bá tún ṣàìsàn kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, iwájú àwọn dókítà ìjọba ni yóò ti lọ gba ìfẹ̀yìntì.

Nítorí náà ni Àǹtí Fáìlì kò fi sọ fún ẹnikẹ́ni, ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ tí ẹnjiníà padà wá, pé àyà òun ti ń há láti ìdájí. Ìdánwò kejì ni ọjọ́ náà. Bí ilé náà bá tún yege, wọ́n á kan pátákó sí i níwájú pé òun ni ilé ìjọba tó ń ṣọ́ iná lò jùlọ. Ọ̀gá Mítà ti wọ kóòtù tó fi ṣe ìgbéyàwó. Ẹnjiníà ta tapólì pupa rẹ̀, ó gbé fáànù kalẹ̀, ó ní òun fẹ́ lọ dí àwọn ihò.

“Ẹ má ṣe ìyọnu,” ni ọ̀gá wí. “A ti bá yín dí wọn.”

Ẹnjiníà rò pé àárọ̀ yẹn ni wọ́n dí i. Ó tan fáànù.

Ìyá Kọ́kọ́rọ́ wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìsàlẹ̀ nígbà tí fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í bú. Ó gbọ́ tí nǹkan ṣubú nínú yàrá fáìlì. Nígbà tó ṣílẹ̀kùn, àbúrò rẹ̀ wà lórí ìkúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí tábìlì mú, èjìká rẹ̀ ń lọ sókè sódò, ètè rẹ̀ ti ń dúdú. Ike oògùn tó máa ń fín sọ́fun wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ti fín in lẹ́ẹ̀mẹrin.

“Dìde. A ń jáde.”

Àbúrò rẹ̀ mi orí. Kò lè sọ ju ọ̀rọ̀ kan lọ. “Lẹ́tà.”

“Lẹ́tà á dúró dè wá.”

Ó gbé ọwọ́ àbúrò rẹ̀ kọ́ ọrùn, ó wọ́ ọ dé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Iwájú kò ṣe é gbà. Tapólì pupa ti wú bí ikùn aboyún, fáànù ńlá náà dí gbogbo ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀yìn nìkan ló kù, ilẹ̀kùn irin tí ẹnikẹ́ni kò ṣí láti oṣù mẹ́rin. Ọ̀gá Mítà rí wọn, ó sáré wá dúró síwájú ilẹ̀kùn náà.

“Mama, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin. Mẹ́rin péré. Tí ẹ bá ṣí i, gbogbo ẹ̀ bàjẹ́.”

“Ọ̀gá, ẹ̀yin mọ iye tó kù fún yín. Èmi ò mọ iye tó kù fún òun.”

Kò dúró gbọ́ èsì. Ọwọ́ rẹ̀ ti wà nínú kọ́kọ́rọ́, ó sì fà á yọ láì wò ó. Kọ́kọ́rọ́ yí. Ilẹ̀kùn kò mì. Fáànù tó wà níwájú ń fa afẹ́fẹ́ ilé, ó sì fa ilẹ̀kùn ẹ̀yìn mọ́ra bí ẹni tó di ọmọ ọlọ́mọ mú. Ó tì í, kò gbà. Àbúrò rẹ̀ ti ń yọ̀ kúrò léjìká rẹ̀. Kò gbọ́ ìró fèrè mọ́ láyà rẹ̀, ìyẹn gan-an ló dẹ́rù bà á jù. Ó yí padà, ó gbé ìdí ńlá tí àwọn akọ̀wé fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n wá, ó sì fi lu ilẹ̀kùn náà.

Ilẹ̀kùn ṣí. Afẹ́fẹ́ ìta ya wọlé pẹ̀lú ariwo, ó gba fìlà lórí ọ̀gá, ó kó ìwé orí tábìlì méje fò. Níwájú, ẹ̀rọ ẹnjiníà bẹ̀rẹ̀ sí í ké.

Ó gbé àbúrò rẹ̀ jókòó sí etí ògiri lẹ́yìn ilé, ó fín oògùn náà sí i lọ́fun lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e lẹ́yìn. Ó ń ka èémí rẹ̀. Ó ka ogún, ó ka ọgbọ̀n. Nígbà tó ka dé àádọ́ta, ètè obìnrin náà ti ń padà sí àwọ̀ rẹ̀.

Ẹnjiníà ti dé lẹ́yìn wọn. Ó ti wọ yàrá fáìlì lọ, ó gbé ẹ̀rọ kékeré kan tó ń wọn afẹ́fẹ́ dání, ojú rẹ̀ sì ti yí padà. “Èémí tí ẹ ti mí síta tán ni gbogbo yín ń padà mí sínú,” ó wí. “Téèpù ibẹ̀ yẹn wà ní ìpele-ìpele lórí ara wọn. Wákàtí méjì ni mo fi tèmi síbẹ̀ fún, oṣù mẹ́rin sẹ́yìn. Ta ló ń lẹ̀ ẹ́ láti ìgbà náà?”

Ọ̀gá Mítà wo òkè bí ẹni tó ń retí òjò.

“Èmi ni,” Ìyá Kọ́kọ́rọ́ wí.

Ọ̀gá gbẹ́nu lé e pé òun ò sọ pé kí ó lẹ ihò, lára ògiri lòun wí. Lẹ́yìn náà ó béèrè bóyá wọn ò lè máa ṣí àwọn ihò náà lọ́jọ́ iṣẹ́, kí wọ́n sì dí wọn lọ́jọ́ àlejò. Ẹnjiníà ní rárá. Ó ní bí wọ́n bá ṣí wọn, mítà á yára díẹ̀, ilé náà á bọ́ sí ipò kejì, á ṣì sàn ju ajere àtijọ́ lọ ní ìlọ́po méjì, àwọn tó wà nínú rẹ̀ á sì wà láàyè láti rí i. Òun fúnra rẹ̀ á kọ ọ́ sínú ìwé pé àìsàn obìnrin yìí kì í ṣe ọ̀lẹ. Ọ̀gá tẹ̀lé e lọ, ó ń bẹ̀bẹ̀ fún ipò kìíní.

Ó ku ẹ̀gbọ́n àti àbúrò.

“Ẹ̀yin lẹ ń lẹ̀ ẹ́?” Àǹtí Fáìlì béèrè. Ohùn rẹ̀ ò ju ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun lọ.

“Gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Mo rò pé mò ń tọ́jú ilé.”

Àbúrò rẹ̀ fi ẹ̀yìn ti ògiri. “Tí ẹ bá ti gbé àkàbà wá lọ́jọ́ Ẹtì, mo máa ń rò pé ẹ dọ́gbọ́n wá wo bí mo ṣe ń mí ni.”

Ìyá Kọ́kọ́rọ́ dìde, ó lọ gbé àkàbà wá.

“Ẹ fà mí dìde,” àbúrò rẹ̀ wí. “Ṣùgbọ́n mi ò wọlé o. Ẹnu ọ̀nà ni màá dúró.”

Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá fáìlì lóòótọ́, ọwọ́ kan lára férémù. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gun àkàbà. Ó wá etí téèpù, kò rí i, nítorí ó ti tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Èékánná ló fi họ ọ́. Ó fà á, ó ya pẹ̀lú ọ̀dà ògiri, ìpele mẹ́fà lórí ara wọn, wọ́n sì lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́ bí ẹni pé wọ́n mọ olúwa wọn. Eruku bọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni afẹ́fẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ kan wọlé.

Àǹtí Fáìlì fà á símú, ó dá a dúró, ó mí i síta.

“Ó ku méjìdínlógún,” ó wí, ó sì fara ti férémù láti dúró dè é.