Ọjọ́ Mẹ́ta Tí Mo Fi Jókòó Gba Ẹ̀sùn

Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ìkẹfà yẹn gan-an mi ò parí ẹ̀. Torí náà, tí ọmọ mi obìnrin bá ń kàwé nílé, mo máa ń jókòó sí tòsí bí ẹni tó ń ṣọ́ ọ, kí n lè rí díẹ̀ jí kọ́. Lísè kan, ìyẹn ilé ìwé girama, níbí ní Bouaké ló ń lọ, wọ́n ń kọ́ wọn ní èdè Sípéènì. Tíṣà wá ní kó sọ̀rọ̀ níwájú kíláàsì nípa bí ìjọba Sípéènì ṣe ń ṣàkóso àwọn ilẹ̀ tó gbà ní Amẹ́ríkà láyé àtijọ́. Èmi ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún.

"Ẹ gbọ́, Bàbá. Ọba wà ní Sípéènì, kì í débẹ̀. Ìgbìmọ̀ kan wà lọ́dọ̀ ẹ̀ tó ń kọ òfin ránṣẹ́. Igbákejì ọba ló wà lọ́hùn-ún. Àwọn adájọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ tó ń ṣọ́ ọ. Gómìnà wà lábẹ́ ẹ̀, olórí àgbègbè wà lábẹ́ gómìnà, ìlú kọ̀ọ̀kan sì ní ìgbìmọ̀ tiẹ̀."

"Ìyẹn ò le," mo ní. "Àwa náà nìyẹn. Ọba wa wà nílé ní Nàìjíríà, èmi alága wà níbí."

"Ẹ̀yin ni igbákejì ọba?"

"Ta ni ì bá tún jẹ́?"

"Bàbá, gbogbo yín ò ju ogójì lọ. Olórí àgbègbè lẹ jẹ́, ìyẹn gan-an mo ṣàánú yín."

Lóòótọ́, alága ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní Bouaké ni mí. Ọdún mẹ́ta mi ti ń parí, mo sì ń fẹ́ òmíràn. Ọkùnrin kan tó ń ta aṣọ ní àdúgbò Dougouba náà ń fẹ́ ẹ, ó mọ ọ̀rọ̀ sọ jù mí lọ. Ẹ̀yà ara ọ̀kadà ni mo ń tà ní Nimbo; ẹni tó wá ra púlọ́ọ̀gì kì í dúró gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi.

Ọmọ mi tún sọ ohun méjì. Àkọ́kọ́, tí ìwé ọba bá dé tí igbákejì ò fẹ́ ohun tó wà níbẹ̀, á gbé ìwé náà lé orí ara ẹ̀, á ní òun gbọ́, òun sì tẹrí ba, àmọ́ kò ní ṣe é. Mo rẹ́rìn-ín títí. Èkejì ni mo fẹ́ràn jù: tí àkókò ọ̀gá kan bá pé, kò ní tíì lọ. Wọ́n á kéde káàkiri ìlú pé ẹni tí ọ̀gá náà bá ṣẹ̀ kó wá rojọ́ níwájú adájọ́.

Ní ìpàdé wa ní Ahougnansou, mo dìde. Mo ní màá jókòó níwájú ṣọ́ọ̀bù mi fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹni tí mo bá ṣẹ̀ kó wá. Ó dá mi lójú pé ẹnikẹ́ni ò ní wá. Àgbà ìlú wa tó dàgbà jù ní òun á wá bá mi jókòó, kí òun lè gbọ́ ọ. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Aláṣọ náà pàtẹ́wọ́.

Lọ́jọ́ kìíní, ẹnì kan wá sọ pé mi ò kí òun dáadáa. Lọ́jọ́ kejì, ẹnì kan ní mo máa ń pẹ́ dé ìpàdé tí èmi fúnra mi pè. Mo gbà. Àwọn ọlọ́kadà ń bi mí pé kí ló dé tí Anago, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá níbí, fi jókòó bí adájọ́. Inú mi ń dùn.

Lọ́jọ́ kẹta, lẹ́yìn ìrun alásárì, obìnrin ìlú wa kan dé. Ó jókòó sórí táyà.

"Alága, ṣé ẹ rántí pé ẹ̀yin lẹ ṣáájú wa lọ tọrọ ìyàwó fún ọmọ mi ní Korhogo?"

"Mo rántí, Ìyá. Mo jẹun níbẹ̀ dáadáa."

"Ẹ jẹun. Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n so wọ́n pọ̀, ẹ̀gbọ́n mi pè láti ilé. Ìyá àgbà ọmọbìnrin yẹn àti bàbá mi, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ààfáà ní ẹ̀sìn ò kọ̀ ọ́. Àwọn ará ilé kọ̀ jálẹ̀. A tú u ká. Látìgbà yẹn ọmọ mi ò bá mi sọ̀rọ̀. Mo wá gbọ́ pé lẹ́tà kan wà."

Àgbà wò mí. Mo ṣí dúrọ́ọ̀ tábìlì ṣọ́ọ̀bù. Lẹ́tà náà wà lábẹ́ àwọn púlọ́ọ̀gì, epo ti yí i. Ọdún méjì ṣáájú ni wọ́n kọ ọ́ láti ilé: kí alága tó bá ẹnikẹ́ni lọ tọrọ ìyàwó, kó kọ orúkọ agbo ilé bàbá àti ìyá àwọn ọmọ méjèèjì ránṣẹ́, torí àwọn tí wọ́n bí síbí ò mọ ẹbí wọn mọ́. Mo kà á ní ìpàdé nígbà náà, gbogbo wa ní a gbọ́. Mo bá gbé e pamọ́. Lẹ́tà kan péré tí mo bá fẹ́ kọ, odidi ọjọ́ Sunday ló máa ń gbà lọ́wọ́ mi.

"Ta ló yẹ kó kọ orúkọ yìí?" àgbà ní.

"Èmi ni, Bàbá."

"O ò kọ ọ́."

"Mi ò kọ ọ́."

Mo kúnlẹ̀ níwájú ìyá náà lórí ilẹ̀ tó kún fún epo. Kò ní kí n dìde kíákíá.

Aláṣọ ni alága báyìí. Àgbà ní kí wọ́n fún èmi ní ìwé ńlá kan, kí n máa lọ láti ilé dé ilé kọ orúkọ agbo ilé gbogbo wa. Ilé ìyá yẹn ni mo kọ́kọ́ lọ. Ọmọ ẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Ó wò mí títí, ó gbé àga fún mi, ó sì jókòó. Mo kọ agbo ilé bàbá, mo kọ ti ìyá. Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó tún ibì kan tí mo ṣì kọ ṣe, ó dá a padà fún mi.