Ọjọ́ Tí Ìyá Ìyá Mi Pe Orúkọ Ara Rẹ̀

Ìrẹsì là ń fi ewé àjàrà pọ́n ní kíṣìnì obìnrin ará Palẹ́sìtínì tó ń gbé ìsàlẹ̀ wa ní Thamesmead ní Lọ́ńdọ̀nù, òun á pọ́n márùn-ún kí n tó pọ́n ẹyọ kan. Fóònù rẹ̀ dún. Ó nu ọwọ́, ó wò ó, ó sì là á mọ́ tábìlì tó fi jẹ́ pé ọsàn wẹ́wẹ́ yí bọ́ sílẹ̀.

"Mama, ẹ wo nǹkan tí wọ́n fi ẹ̀gbọ́n mi ṣe!"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ń du ipò nínú ìgbìmọ̀ ìlú wọn lọ́hùn-ún. Àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké tí wọ́n ń pè ní apá òsì, àwọn tó ní òṣìṣẹ́ àti mẹ̀kúnnù làwọn ń jà fún, ló para pọ̀ fa òun àti àwọn ọkùnrin kan kalẹ̀. Mo wo pósítà ìbò tó wà lójú fóònù náà. Àwọn ọkùnrin fẹyín, orúkọ kálukú wà lábẹ́ fọ́tò rẹ̀. Níbi tó yẹ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà, òdòdó pupa ni wọ́n yà síbẹ̀, wọ́n kọ "Ìyàwó Lágbájá" sí i.

Èmi náà ṣàṣìsọ. Mo ní, "Má bínú jàre. Àwa náà kì í pe ìyàwó ilé lórúkọ. Ọ̀wọ̀ ni."

Ó wò mí. "Ọ̀wọ̀? Ta ni wọ́n fẹ́ dìbò fún, òdòdó?"

Ìyá ìyá mi ló sọ sí mi lọ́kàn.

Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo dàgbà sí nílẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ọṣẹ dúdú ló ń sè. Láàárọ̀, mo máa ń gbọ́ ọmọrógùn rẹ̀ tó ń ha ìdí ìkòkò, gbọ̀rọ̀, gbọ̀rọ̀. Òórùn àdín gbígbóná á kún àgbàlá, eérú èèpo kòkó á bà lé mi nírun bí ìyẹ̀fun. Èmi ni mò ń koná. Ìyá Ọlọ́ṣẹ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, mo sì rò pé orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nìyẹn.

Lọ́jọ́ kan, akọ̀wé kan wá kọ orúkọ àwọn tó máa dìbò kánsù. Ìyá mi àgbà ò dá ọṣẹ ríro dúró.

"Kí lo kọ síbẹ̀ yẹn, ọmọ mi?"

"Ìyàwó Káfíńtà ni, Ìyá. Gbogbo èèyàn ṣáà mọ̀ yín."

"Ṣé Ìyàwó Káfíńtà ni wọ́n sọ mí lọ́jọ́ ìkómọ? Pa á rẹ́."

"Ìyá, èéfín ń ta mí lójú, ẹ jẹ́ n máa lọ."

"Èéfín ò ní pa ọ́. Kọ ọ́."

Ó wá pe orúkọ rẹ̀, ó pe ti bàbá rẹ̀, ó fi oríkì lé e. Ẹnu yà mí. Mo ti tó ọmọ ọdún mẹ́jọ, mi ò gbọ́ orúkọ náà rí. Nígbà tí akọ̀wé lọ tán, ó ní, "Nílé, kí wọ́n máa fi Ìyá pọ́n mi lé. Tó bá di ọ̀rọ̀ ìlú, kí wọ́n pè mí."

Mo sọ ọ́ fún aládùúgbò mi, mo sì bẹ̀ ẹ́. Inú ti ń bí èmi náà wàyí. Ẹgbẹ́ apá òsì tó ní tọkùnrin tobìnrin dọ́gba, tó wá ń fi òdòdó bo ojú obìnrin! Ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ń túmọ̀ fún mi bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Àṣé ìyẹn ti sọ fún wọn pé kí wọ́n kọ orúkọ òun, àbí kí wọ́n yọ òun. Wọ́n sì mọ̀ pé òfin ibẹ̀ ò ní gbà wọ́n wọlé ìbò tí kò bá sí obìnrin láàárín wọn. Ọkùnrin tó ṣáájú wọn ní kó má bínú, pé nítorí ìbò àwọn àgbààgbà tí kò fẹ́ rí ojú obìnrin lára pósítà ni.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dá a lóhùn pé, "Èmi ńkọ́? Ṣé ọmọdé ni mí?"

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, pósítà tuntun dé. Orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, ojú rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Fọ́tò rẹ̀ kéré sí tàwọn ọkùnrin, àwa méjèèjì sì rí i.

Mi ò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n mo mọ orúkọ mi kọ. Tí àwọn tó ń du káńsẹ́lọ̀ níbí bá kan ilẹ̀kùn mi, tí wọ́n ń pè mí ní Mummy, tí wọ́n ń na ìwé sí mi, mo máa ń rẹ́rìn-ín, n ò sì ní na ọwọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ìbò mi, kó kọ́kọ́ bi mí pé kí ni mò ń jẹ́.